Aṣojú Wa ní Dublin

Òórùn páálí tó ti rin àti ti tíì tí wọ́n sè jù ni mo fi ń rántí iṣẹ́ akọ̀ròyìn tí mo ṣe ní Dublin. N kò ní ọ́fíìsì kankan. Inú kántíìnì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Clondalkin ni mo ti ń kọ̀wé, níbi tí mo ti ń di páálí oògùn láti aago mẹ́fà ìdájí títí di aago méjì ọ̀sán. Bí wọ́n bá fún wa ní ìsinmi ìdajì wákàtí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa jẹ búrẹ́dì, wọ́n á máa jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, èmi á yọ ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde, màá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà tí àwọn ará ilé yóò kà lọ́jọ́ Àìkú. Ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Ìbàdàn ni mo ń kọ ọ́ fún. Ojú ìwé keje ni tèmi. Wọ́n tẹ àwòrán mi sókè rẹ̀, èmi nínú kóòtù dúdú àti fìlà onírun, kí àwọn òǹkàwé lè rí i pé òtútù ń mú mi lóòótọ́. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ni kóòtù náà. Lábẹ́ àwòrán yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Aṣojú Wa ní Dublin.

Mo ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, ó sì yẹ kí n ti gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí a ń ṣe nínú ilé ńlá kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́, wọ́n ń fi pè mí ṣeré. 'Aṣojú, how far? Ṣé ẹ ò ní kọ wá sínú pépà lọ́sẹ̀ yìí?' Èmi á rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò kà á sí, inú mi á sì máa dùn títí màá fi délé. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú pópó, kí ó lè dà bí ẹni pé mò ń wo nǹkan.

Olóòtú wa kò wọ bàálù rí, ṣùgbọ́n ó ti ka ìwé púpọ̀. Lọ́jọ́ tó gbà mí síṣẹ́, ó sọ fún mi lórí fóònù nípa àwọn akọ̀ròyìn òyìnbó tí wọ́n gbé ní Japan láàárín ogun àgbáyé kìíní àti ìkejì. Ó ní ohun tó wu òun nípa wọn ni pé ohun kékeré ni wọ́n máa ń wò: bí oníṣọ́ọ̀bù ṣe ń wé ẹrù fún oníbàárà, bí ọlọ́pàá ṣe ń tẹ̀ríba kó tó mú èèyàn. Ó ní wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, yóò lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú òkun, àwọn tí wọ́n sì kọ nípa wọn kò ní rí i kà láéláé. 'Ohun kékeré ni kí o máa wò,' ó ní. 'Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí Ireland wà, kó lọ wo máàpù.'

Mo gba ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe sọ ọ́. Ohun tí èmi àti òun kò rò ni pé tèmi yàtọ̀. Òyìnbó tó wà ní Japan ń kọ nípa àjèjì fún àwọn ará ilé tirẹ̀. Èmi ń kọ nípa àwọn èèyàn wa, àwọn ìyá wọn ló sì ń gbọ́ ohun tí mo kọ.

Mo kọ nípa bí àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn, láti ọmọ ilé ìwé dé arúgbó. Mo kọ nípa òjò tí kì í rọ̀ tán, tí kì í sì í rọ̀ dáadáa. Mo kọ nípa ọ̀rọ̀ náà grand, tó dúró fún 'kò séwu' lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n máa ń sọ bí ara bá le, tí wọ́n tún máa ń sọ bí ẹsẹ̀ bá kán. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú pé àwọn gbádùn rẹ̀, mo sì gbà gbọ́ pé mo ti di ẹni tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan.

Ọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń wa bọ́ọ̀sì. Balbriggan ló ń gbé, létí òkun, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó máa ń to àga lẹ́yìn ìsìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó láti bọ́ súwẹ́tà, kò sì dìde mọ́. Àwọn dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn ní Ìbàdàn pe opó náà lọ́jọ́ kejì, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Màmá gbọ́. Màmá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ojú wọn ti ń ṣú, wọ́n kò lè dá ìwé kà mọ́, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn. Dókítà ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ru kó tó di ọjọ́ náà. Bí ojú bá ti là, tí ara bá ti balẹ̀, àwọn àgbà ẹbí àti olùṣọ́àgùntàn wọn yóò wá jókòó tì wọ́n, wọ́n á fi ọgbọ́n túfọ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé, kò sì sí ẹni tó ta kò ó. Pásítọ̀ wa kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má post ẹ o. No picture, no RIP, nothing. Màmá ò tíì gbọ́.' Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Balbriggan. Obìnrin àgbàlagbà kan, ọmọ Ireland, tí ilé rẹ̀ fara kan ti opó náà, ti sọ fún un pé kò dáa kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀ ní mọ́ṣúárì ní òun nìkan. Ní ìlú yẹn, wọ́n máa ń gbé òkú wá sínú pálọ̀ kó tó di ọjọ́ ìsìnkú, kí àwọn èèyàn lè wá dágbére fún un. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kò fẹ́ gbọ́ rárá. Òkú ẹni tí kò tíì darúgbó, nínú pálọ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n opó náà gbà. Ó ní ọkọ òun kò fẹ́ràn ibi tó tutù.

Ìlà ni mo kọ́kọ́ rí. Láti ẹnu géètì ni wọ́n ti tò, wọ́n gba iwájú ilé aládùúgbò kọjá títí dé igun òpópónà: àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, àwọn olùkọ́ ọmọ rẹ̀, obìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù igun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé. Wọ́n á dúró díẹ̀ níwájú pósí, wọ́n á bọ opó àti àwọn ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á ní 'Sorry for your trouble,' wọ́n á sì kọjá sí kíṣìnì lọ mu tíì. Kò sí ẹni tó ké. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní tiwọn, jókòó jọ sí yàrá kejì, wọ́n ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lọ dúró sẹ́yìn ìlà náà bí àwọn yòókù.

Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ iye àwo sáńwíìṣì tó wà lórí tábìlì. Mo kọ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fi fìlà pamọ́ sábẹ́ abíyá. Obìnrin aládùúgbò yẹn ló ń bu tíì, ó ní kí n bá òun mú ife láti inú press, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀, bí mo sì ti ń tò wọ́n kalẹ̀ ló ń sọ ìtàn olóògbé fún mi. Ó ní ní àràárọ̀, kí ọkùnrin náà tó lọ síbi iṣẹ́, yóò mú bàtà ẹsẹ̀ òsì, yóò gbá a mọ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, kò, kò, kó tó wọ̀ ọ́. Òjò ì báà rọ̀, yìnyín ì báà bọ́. Ó ní láti ọdún tí wọ́n ti kó dé, òun kò lo aago láti fi jí mọ́. Ó bi mí bóyá àṣà wa ni. Mo ní n kò mọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, nítorí mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo ti rí ohun kékeré tí olóòtú ń wí.

Mo ṣọ́ra gan-an nígbà tí mo fẹ́ kọ lẹ́tà yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi èyí gbèjà ara mi. N kò dárúkọ ọkùnrin náà. N kò dárúkọ Balbriggan. Mo pe awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní òṣìṣẹ́ kan, n kò sọ iye ọmọ, n kò sọ ìlú tó ti wá nílé. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Nígbà tí mo dé ibi bàtà, mo yọ ọ́ kúrò. Lẹ́tà náà wá tẹ́. Ó di ìròyìn òkú lásán, bí irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ. Mo jókòó tì í títí aago fi lù pé kí a padà sẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni mo dá a padà. Mo bi ara mi pé ta ni yóò fi gbígbá bàtà mọ́ àtẹ̀gùn mọ èèyàn. Inú mi tiẹ̀ dùn sí bí mo ṣe gbọ́n tó.

Olóòtú pè mí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí pépà jáde, ó ní èyí ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ní ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀gbọ́n olóògbé pè mí.

Kò pariwo. Ó rọra sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wọn, pé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó máa ń ka pépà sókè fún Màmá àti àwọn àgbà méjì mìíràn tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ojú ìwé keje ni Màmá fẹ́ràn jù, nítorí ìlú tí ọmọ wọn wà ni. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í béèrè pé kí ni Aṣojú wí. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí olùkọ́ náà ka ibi bàtà, Màmá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà. Màmá ní kó máa bá a lọ, wọ́n sì tẹ́tí sí i títí ó fi ka lẹ́tà náà tán, ìlà àti tíì àti gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n pe àkọ́bí àwọn wá, ìyẹn ẹ̀gbọ́n tó ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò bi í bóyá lóòótọ́ ni. Ohun tí wọ́n bi í ni pé, 'Ọjọ́ wo ni?'

Ìgbà tí olóògbé wà ní ọmọ ọdún méje ni àkéekèe ta á nínú bàtà ilé ìwé, ní ẹsẹ̀ òsì. Màmá ló kọ́ ọ pé kó máa gbá bàtà náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ̀ ọ́. Kò sí àkéekèe ní Ireland. Ó ń gbá a bẹ́ẹ̀ náà.

'Ẹ ò dárúkọ,' ni ẹ̀gbọ́n náà sọ. 'Mo ti kà á. Lóòótọ́, ẹ ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.' Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán. 'Aṣojú,' ó ní, 'ẹ kú iṣẹ́.' Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Màmá ru, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, iṣẹ́ abẹ ojú sì di ohun tí a sún síwájú. Nígbà tí ara wọn balẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ṣe é mọ́. Wọ́n ní kí ni àwọn tún fẹ́ fi ojú rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó fi orúkọ yẹn pè mí ṣeré mọ́. Pásítọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní, 'Brother, you no try at all.' Mo lọ bá ọmọbìnrin olóògbé, tó wà ní yunifásítì nígbà náà, mo fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Ó fetí sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fi òyìnbó àwọn ará Dublin dá mi lóhùn: 'Ah, it's grand.' Mo ti kọ odindi lẹ́tà kan rí lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀.

Ó tó oṣù méjì kí Màmá fúnra wọn tó pè mí. Inú kántíìnì ni mo wà. 'Ṣé Aṣojú nìyẹn?' Ohùn náà kò le, kò sì rọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ kántíìnì pẹ̀lú fóònù létí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé òòyì ló kọ́ mi, ẹnì kan ti ń sáré lọ bu omi.

'Ẹ dárí jì mí, Mà,' mo ní. 'Ẹ jọ̀ọ́, Mà.'

'Dìde,' ni Màmá wí, bí ẹni tó ń rí mi. 'Mi ò torí ìyẹn pè ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko làwọn ọmọ mi fi ń bá mi jẹun, tí wọ́n ń sọ fún mi pé ó ní kí wọ́n kí mi. Ìwọ lo sọ òótọ́ fún mi, bó ò tiẹ̀ mọ̀ pé èmi lò ń sọ ọ́ fún. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé, bàtà wo ni wọ́n wọ̀ fún un?'

Mo mọ iye àwo sáńwíìṣì. Mo mọ àwọ̀ kóòtù obìnrin tó ṣáájú ìlà. 'Mi ò mọ̀, Mà.'

'Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?'

'Mi ò dé ibẹ̀, Mà.'

Màmá ní, 'Gbogbo àwọn òyìnbó tó o kọ nípa wọn ló tò. Ìwọ ńkọ́?'

'Mi ò tò, Mà. Mò ń kọ̀wé.'

'Ó dáa,' wọ́n ní. 'Nígbà tó bá kan tèmi, má kọ ọ́. Wá tò.'

Bí mo ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Balbriggan. Opó náà kò ní kí n jókòó, ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn. Ó ní bàtà iṣẹ́ rẹ̀ dúdú ni, èyí tó ní okùn. Ó ní òun fúnra òun ló gbá ti ẹsẹ̀ òsì mọ́ àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó kó o fún àwọn tó wọṣọ fún un. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi pe Màmá padà, mo sì sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe gbọ́ ọ, láìfi nǹkan kan kún un. Wọ́n ní, 'O ṣé.' Ìyẹn ni ìròyìn ìkẹyìn tí mo fi ránṣẹ́ láti Dublin. Mo kọ̀wé sí olóòtú pé n kò ṣe mọ́. Ó ní irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀ sí akọ̀ròyìn, kí n mú ọkàn le. Mo mú ọkàn le, ṣùgbọ́n n kò kọ mọ́.

Adamstown, lẹ́bàá Dublin, ni mo ń gbé báyìí, pẹ̀lú ìyàwó mi àti àwọn ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá, tí wọ́n sì ń fi òyìnbó fèsì. Ìwé ìròyìn yẹn ti kógbá sílé tipẹ́. Láti ẹnu opó náà, ẹni tó ń kí mi nísinsìnyí, ni mo ti gbọ́ pé Màmá gbà nígbẹ̀yìn kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ẹyọ kan là, èkejì kò là. Ọdún tó kọjá ni nọ́ńbà kan pè mí láti Ìbàdàn, mo sì dá ohùn ẹ̀gbọ́n náà mọ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. 'Màmá ti lọ sinmi,' ó ní. 'Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ pè yín.' N kò bi í léèrè nǹkan kan. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọ bàálù.

Èèyàn pọ̀ nílé náà. Olúkúlùkù ń wọlé láti ibi tó bá wù ú, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń wá àga. Kò sí ìlà kankan. Mo dúró lẹ́bàá ògiri fún ìgbà díẹ̀, nítorí n kò mọ ibi tí ẹni tó fẹ́ tò ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Nígbà tó yá, mo rìn lọ síwájú ní èmi nìkan, mo dúró níwájú pósí, mo wo ojú Màmá dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ní, 'Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà. Ẹ̀yìn Màmá á dára.' Ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀, mo sì rí i tó ń wo ẹ̀yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣètò ọjọ́ náà. Wọ́n ti tò sẹ́yìn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà náà ti dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ti sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ojú Màmá ṣe rí, n kò ní sọ ọ́ níbí. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́.